Ẹ̀rọ ìjórin MIG tí kì í lo gáàsì: ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

MIG ni ẹ̀rọ ìjórin tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, MIG 200, MIG 250, kì í sọ púpọ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ jó géètì, ẹsẹ̀ tábìlì tàbí àgbékà irin nílé ara rẹ̀. Ohun tó máa sọ bóyá owó yín ò ní wọ igbó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, níbi tí kẹ̀kẹ́ wáyà ń jókòó sí.

Ẹ kọ́kọ́ wá + àti −. Wáyà tí kì í lo gáàsì ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ìyẹ̀fun ló kún inú ihò náà. Òun ló ń jó di èéfín tó ń bo irin yíyọ́ kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́, ìyókù á sì dì sójú ìjórin bí ìdàrọ́. Ojú − ni wọ́n ṣe wáyà yìí fún: ìbọn (èyí tí ẹ ń dì mú jórin) sí −, ẹ́ẹ̀tì (èyí tí ẹ ń so mọ́ irin) sí +. Wáyà tó ń lo gáàsì ló ń ṣe é ní òdìkejì. Tí ẹ̀rọ bá lè ṣe méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ìbọn rẹ̀ wà lójú + nígbà tí ẹ bá tú u nínú páálí. Ẹni tí kò bá yí i padà á rí i pé iná ń ta pàrà, ẹ̀rúnrún irin á lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú iṣẹ́, ìjórin á sì kàn gun orí irin láì wọnú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ti tìtorí èyí bú. Àwọn kan wà tó kéré lówó gan-an tó jẹ́ pé AC, iná tó ń yí ìhà padà, ni wọ́n ń tú jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. DC nìkan, iná tó ń lọ síhà kan, ni ká rà.

Lẹ́yìn náà, rọ́là, ìyẹn èyí tó ń ti wáyà lọ sínú ìbọn. Wáyà oníhò kò lágbára bíi wáyà tó le látòkè délẹ̀, nítorí náà rọ́là eléyín, tó ń gbá a mú láì tẹ̀ ẹ́ pa, ló yẹ kó bá ẹ̀rọ náà wá. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá wáyà mu, 0.8 tàbí 0.9 mm. Tí ẹ bá fún un le jù, wáyà á pẹlẹbẹ, ìyẹ̀fun á máa dà sílẹ̀, típù (ihò ẹnu ìbọn tí wáyà ń gbà jáde) á sì dí. Tí ó bá dẹ̀ jù, rọ́là á máa yọ̀, iná á máa kú, á máa jí. Bí ẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n rèé: ẹ yọ ẹ́ẹ̀tì kúrò lára ohun gbogbo, ẹ kọjú ìbọn sí pákó gbígbẹ ní nǹkan bíi 5 cm, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Wáyà gbọ́dọ̀ ká kọrọdọ nígbà tó bá kan pákó. Tó bá dúró, ẹ fún un díẹ̀ si. Tí wáyà bá wọ́jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ lẹ́yìn rọ́là, típù ló sábà ń dí, tàbí ìbọn ti ṣẹ́po níbì kan. Rọ́là oníke lórí ẹsẹ̀ oníke kì í pẹ́ kó tó tẹ̀. Onírin dára jù ú lọ fíìfíì.

Duty cycle ni ibi tí páálí ti ń parọ́ jù. 20% ní amp 140 túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 2 lẹ máa fi jórin, ẹ̀rọ á fi 8 sinmi. Ẹ tún wò ó bóyá 40°C ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 20% tí wọ́n wọ̀n nínú òtútù kò tó 20%. Fún irin tó nípọn tó mm 1, ẹ máa ṣírò nǹkan bí amp 40, nítorí náà amp 140 tó fún páìpù onígun mẹ́rin àti irin mm 3. Irin tí kò tó mm 1.2 ni wáyà yìí máa ń lu jáde. Ẹ máa jó o díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dúró láàárín, ẹ má fà á gùn. Ẹni tó jẹ́ pé ara mọ́tò ló fẹ́ máa jó, kó kúkú lọ ra ti gáàsì.

Bọ́tìnì iná àti ti ìyára wáyà gbọ́dọ̀ dá dúró, kí ti iná sì máa yí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó jẹ́ súìṣì méjì péré, kékeré àti ńlá, máa ń jẹ́ kí irin mm 2 bọ́ sáàárín: ọ̀kan ò wọnú, ìkejì lu jáde.

Ní ti iná ilé, lára àwo irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ wá I1max, ìyẹn iná tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ náà ń fà. Tó bá jẹ́ A 22 lórí V 230, ó ń lọ sí kVA 5, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò ní gbé e. Wáyà ìfàgùn kó má kéré sí mm² 2.5, ẹ sì tú u sílẹ̀ pátá. Tó bá wà ní kíká, á gbóná.

Wáyà E71T-GS wà fún ìjórin ẹlẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá máa jó lé ìjórin lórí, E71T-11 ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ha ìdàrọ́ kúrò dáadáa kí ẹ tó gbé èkejì lé e. Ẹ fa ìbọn wá sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má tì í. Kí wáyà yọ jáde ní típù ní nǹkan bíi mm 12 sí 20. Ìlà tín-ín-rín bí ipa ekòló lójú ìjórin sábà máa ń túmọ̀ sí pé fóòtì ti pọ̀ jù, tàbí wáyà ti gba omi. Inú ọ̀rá ló yẹ kí kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ò lò máa gbé.

Kò lo gáàsì, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ pọ̀ ju ti onígáàsì lọ: ìta gbangba tàbí ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbòjú tí òkùnkùn gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11. Irin tí wọ́n fi síńkì bò, ẹ ha síńkì náà kúrò kó tó kan iná.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀rọ ìjórin DC inverter (kì í ṣe inverter bátìrì) amp 140 tàbí 160, tó ń gba kẹ̀kẹ́ kg 5 pẹ̀lú ti kg 1, tí ìbọn rẹ̀ sì ṣeé yọ, ni a máa rà. Ìbọn ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Èyí tí wọ́n dè mọ́ inú ẹ̀rọ máa jẹ́ kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ nítorí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ béèrè típù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ gba mẹ́wàá dání.