Ẹsẹ̀ máṣíìnì oníkọ́tà íǹṣì: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn oṣù méje

Ìlà mọ́kànlélógún tí a fi ègé aṣọ rán, tí yóò di aṣọ ìbora kan, ni mo tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà. Àtìgbà tí mo ti tẹ́ ẹ̀kẹta ni ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé nǹkan kò dáa. Àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú. Mo mú tépù. Ìlà tí èmi fọwọ́ ara mi rán jẹ́ íǹṣì 51½, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. Èyí tí ọmọ iṣẹ́ mi rán jẹ́ 49½. Íǹṣì méjì odidi ti wọnú aṣọ lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Ọmọ náà dúró tì mí, ó ní, “Màdáámù, mo rán an bí ẹ ṣe ní kí n rán an.” Òótọ́ ló sì sọ. Kọ́tà íǹṣì ni mo ní kó fi ṣe àláwọ́ọ̀nsì (etí aṣọ tó ń wọlé kọjá ojú ìrán), kọ́tà íǹṣì náà lójú tirẹ̀ ló fi ṣe é.

Kúílìtì ni mò ń sọ o, aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ègé aṣọ kéékèèké rán pọ̀, tí wọ́n á fi òwú tín-ín-rín sáàárín, tí wọ́n á wá fi aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ní Kàbà níbí, bùbá àti ìró àti aṣọ ilé-ìwé ló ń bọ́ mi. Àmọ́ oníbàárà mi kan láti Ẹ̀gbẹ̀ ló gbé kúílìtì àtijọ́ kan wá, èyí tí òyìnbó míṣọ́nnì kan fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyẹn ń bá wọn ṣiṣẹ́. (Àwọn míṣọ́nnì Sudan Interior Mission (SIM) ti wà ní Ẹ̀gbẹ̀ láti 1908, nítorí náà irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan ìyàlẹ́nu nílé àwọn àgbà ibẹ̀.) Ó ti gbó, òwú ti ń yọ jáde níbi mẹ́ta, síbẹ̀ gbogbo igun rẹ̀ ṣì pàdé ara wọn bíi pé rúlà ni wọ́n fi rán an. Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi fi àǹkárá ṣe irú èyí fún ọmọ-ọmọ mi kí ọyẹ́ tó dé.” Ọyẹ́ ilẹ̀ wa yìí, ẹni tó bá ti jí láàárọ̀ oṣù Ọ̀pẹ nítòsí àwọn òkè wọ̀nyẹn mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo ní kò sí wàhálà.

Wàhálà wà. Ègé aṣọ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Íǹṣì 3½ ni mo gé wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ku íǹṣì mẹ́ta lẹ́yìn tí kọ́tà bá ti wọlé lọ́tùn-ún àti lósì. Mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 51, kọ́tà méjì tó kù ní etí ìbẹ̀rẹ̀ àti etí ìparí ló sọ ọ́ di 51½. Ojú ìrán mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín wọn. Ohun tí ọmọ mi fi lé kọ́tà kò ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lọ, ojú lásán lè má tètè rí i. Ṣùgbọ́n aṣọ méjì ló ń pàdé lójú ìrán kan, nítorí náà ìlọ́po méjì rẹ̀ ló ń sọnù níbẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Íǹṣì méjì rèé.

Àwa tá a ń rán bùbá kò lè tètè mọ ìyà yìí, torí pé ààbọ̀ íǹṣì tàbí odidi íǹṣì la máa ń fi sílẹ̀, nítorí ọjọ́ tí oníbàárà bá sanra. Bí o bá ṣì í díẹ̀, ara ẹni tó wọ̀ ọ́ á bá ọ bò ó. Kúílìtì kò ní ara. Ègé aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ní, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbà.

Mo rántí ìyá ìyá mi tó jẹ́ ará Bùnú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà. Aṣọ tí wọ́n bá hun kì í tú létí, etí sí etí ni wọ́n ń so ó pọ̀, kò sí ṣírò àláwọ́ọ̀nsì kankan. Àǹkárá tí a fi sísọ́ọ̀sì gé á tú, dandan ni kí díẹ̀ wọlé. Díẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹjọ́.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹsẹ̀ máṣíìnì, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kọ́tà íǹṣì. Èyí àkọ́kọ́ tí mo rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bi mi àti ẹ̀bi ẹni tó tà á ni. Mo kọ̀wé sí i pé máṣíìnì dúdú ni mo ní, ó ní kò sí èyí tí kò bá lọ. Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ máṣíìnì indọ́strí ni. Ọrùn rẹ̀ ga ju ọ̀pá máṣíìnì mi lọ. Tí mo bá dè é, kò ní lè gbéra kúrò lórí eyín tó ń fa aṣọ. Kò dá owó mi padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tí ẹ ti ń de ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá: àwọn máṣíìnì dúdú ilé wa yìí, ọlọ́rùn kúkúrú ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkejì ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi rà ní Lọ́kọ́jà, òun ni mò ń lò títí di òní. Irin ni, kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Ihò kékeré kan ló wà láàárín rẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Láti ihò yẹn sí etí ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ kọ́tà íǹṣì, ní etí ọ̀tún náà ni wọ́n sì fi ahọ́n irin pẹlẹbẹ kan sí, tó rọ̀ wálẹ̀ tó sì yọ síwájú díẹ̀. Ahọ́n yìí ni ògiri. Etí aṣọ á máa fara tì í lọ, ìwọ kò ní máa wo abẹ́rẹ́ mọ́, ògiri yẹn ni wàá máa wò.

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo dè é mọ́ ọn. Mo rán ojú ìrán kan, ó tọ́ bí okùn tí bíríkìlà fà. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: kọ́tà pé. Mo ní ó parí. Kò tíì parí o.

Ìdánwò kan wà tí ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe kó tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 1½. Rán wọn pọ̀, lọ̀ ọ́, kí o wọ̀n ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 3½, èyí tó wà láàárín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì kan géérégé. Tèmi jẹ́ 3⅜. Mo tún un ṣe, 3⅜ náà ni. Báwo ni kọ́tà ṣe pé lójú ìrán tí aṣọ sì tún kúrú?

Ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po ló jẹ ẹ́. Tí o bá ti lọ ojú ìrán sí ẹ̀gbẹ́ kan, aṣọ gbọ́dọ̀ gun orí òwú kó tó yí padà, gígùn yẹn náà ń jẹ aṣọ. Léésì tẹ́ẹ́rẹ́ kò jẹ púpọ̀. Àǹkárá tó ṣì ní sitáàṣì ilé iṣẹ́ lára máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe kọ́tà pípé lèèyàn ń rán. Kọ́tà tó dín bíńtín ni, ìwọ̀n òwú kan tàbí méjì. Ẹni tó ṣe ẹsẹ̀ yìí ṣe kọ́tà pípé síbẹ̀, máṣíìnì mi sì jẹ́ irú èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò lè sún sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá lè sún abẹ́rẹ́ á kàn sún un díẹ̀ ni, ìyà yìí kò kàn án. Ṣùgbọ́n kó rántí o, ihò ẹsẹ̀ yìí kéré, bó bá sún un jù, abẹ́rẹ́ á gbá irin, á sì kán. Bó bá sì gbàgbé tó fi ṣe sígísáàgì, kó gbé ojú sẹ́yìn.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo mú férémù síìmù káàdì, ike tí síìmù máa ń wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.76. Ohun tí ojú ìrán mi fi ń jù sì jẹ́ ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n íǹṣì, tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.79. Bóyá Ọlọ́run ló ṣe é. Mo gé ègé kékeré kan lára ike náà, mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ahọ́n irin, níbi tó yọ síwájú ẹsẹ̀, kí etí aṣọ máa fara ti ike dípò irin. Mo jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì mo rán aṣọ mẹ́ta yẹn: 3½. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, “Ó dáa.” Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ iṣẹ́ ìyanu nígbà tí wọ́n bá rí i.

Àwọn nǹkan tí ẹsẹ̀ yìí kò lè ṣe wà. Kò lè gé aṣọ fún ẹ. Tí ègé aṣọ bá ti wọ́ látọ̀dọ̀ ẹni tó gé e, ojú ìrán á kàn tẹ̀ lé ìwọ́ náà ni. Kò fẹ́ràn píìnì: orí píìnì máa ń ha ahọ́n, aṣọ á sì tàkìtì kúrò nípò, nítorí náà mo ń yọ píìnì kó tó dé ibẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tún máa ń yọ́ gba abẹ́ ahọ́n kọjá láìjẹ́ kó o mọ̀. Àfi kí o kọ́kọ́ fi sitáàṣì mú un le. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìrán, níbi tí eyín máṣíìnì ti máa ń fẹ́ jẹ igun aṣọ, kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Àjákù kékeré kan ni mo kọ́kọ́ máa ń rán, láìgé òwú mo máa ń fi ègé aṣọ tòótọ́ tẹ̀ lé e, òmíràn á sì tẹ̀ lé ìyẹn, wọ́n á so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ títí tí mo fi máa ṣe tán.

Ìparí ìrán náà ni mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Níbi íǹṣì kan tó kẹ́yìn, ọwọ́ máa ń yà. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. A ti rí i pé ó ti fẹ́ tán, a ti ń wo èyí tó kàn, aṣọ á yà kúrò lára ògiri. Nígbà tí mo tú iṣẹ́ ọmọ mi, ìdajì àṣìṣe rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀.

Mo ti gbìyànjú máàgínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara máṣíìnì láti fi ṣe ògiri. Ó ń di irin dúdú mú dáadáa, kò lè di ike mú rárá, ó sì kó gbogbo píìnì mi mọ́ra bí òbí tó ń kó ọmọ wọlé lálẹ́. Ó wúlò fún ojú ìrán gígùn. Sẹ́lótéèpù tí mo lẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po sórí máṣíìnì náà ṣiṣẹ́, kò ná mi ju owó péréte lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń ṣí bí ooru bá mú, mo sì ń tún un wọ̀n ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí kò bá lówó ẹsẹ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe tán, máṣíìnì dúdú púpọ̀ ní ihò ìdè méjì lápá ọ̀tún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún irú ògiri bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Mo ti ń lo tèmi fún ọdún méjìlá kí n tó mọ ohun tí wọ́n wà fún. Epo ni mo máa ń rọ sí i.

Áyọ́ọ̀nù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbé e, tẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Má fà á lórí aṣọ bí ìgbà tí o bá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, torí pé ègé aṣọ máa ń nà, gbogbo ìṣírò á sì dojú rú. Ojú ìrán ìlà kan ni mò ń lọ̀ sọ́tùn-ún, ti èyí tó tẹ̀ lé e ni mò ń lọ̀ sósì. Tí wọ́n bá pàdé, ibi tó ga nínú ọ̀kan á bọ́ sínú ibi tó rẹlẹ̀ nínú èkejì, ìka ọwọ́ rẹ á sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 12 ni mò ń lò fún un báyìí dípò 16 tí mo fi ń rán aṣọ ilé-ìwé, mo sì ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún aṣọ nígbà méjìlá nínú íǹṣì kan.

₦4,500 ni ẹsẹ̀ náà ná wa, owó ọkọ̀ Lọ́kọ́jà kò sí nínú rẹ̀ torí pé ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá sílé tẹ́lẹ̀. Ṣé mo lè ní kí ẹnikẹ́ni rà á? Tó bá jẹ́ bùbá nìkan lò ń rán, má dà ara rẹ láàmú. Tó bá jẹ́ kúílìtì, tàbí báàgì alábùlẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì ń béèrè báyìí, rà á, ṣùgbọ́n má gbà á gbọ́ kó o tó fi aṣọ mẹ́ta yẹn dán an wò. Àléébù kan tó ń bí mi nínú ni pé ahọ́n irin rẹ̀ rọ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù kẹrin ó ti tẹ̀ síta díẹ̀, mo fi pílíàsì tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹni tó ṣe é ì bá fi irin tó nípọn sí i.

Kúílìtì ìyá Ẹ̀gbẹ̀ náà, mo tú gbogbo ìlà tí ọmọ iṣẹ́ mi rán, ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wá. Ó wá gbé e lọ́sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀pẹ. “Òkun o,” ló kí mi, ó jókòó, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́ láti igun kan dé òmíràn. Ó ní, “Ta ló rán èyí?” Mo nàka sí ọmọ mi, ìyẹn sì wọlé lọ mú omi tí ẹnikẹ́ni kò ní kó mú wá.