Máìkì orí ìtàgé nínú yàrá mi: ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Shure SM58

Ẹni tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀ nílé, máìkì condenser, irú èyí tó máa ń gbọ́ ìró tó kéré gan-an, ni gbogbo ayé máa ń ní kó rà. Èmi náà rà á. Mo so ó pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo fi headphone sétí, n ò tíì la ẹnu tí mo ti ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn láti yàrá kejì. Mo gbọ́ ajá aládùúgbò. Mo gbọ́ àga tí mo jókòó lé, tó ń ké nígbàkúùgbà tí mo bá mí kanlẹ̀. Ohùn mi wà níbẹ̀ o, ó sì mọ́ gaara, àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé inú balùwẹ̀ ni mo ti ń kọrin.

N ò ní dárúkọ máìkì yẹn, torí kò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú condenser, tó dojú kọ irin pẹlẹbẹ kan tí iná wà lára rẹ̀. Èémí lásán tó láti mi awọ náà. Torí pé iná ló fi ń ṣiṣẹ́, ó ń béèrè iná fóòtì 48 tí wọ́n ń pè ní phantom power, èyí tí interface (àpótí tó so máìkì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà) ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà máìkì kan náà. Dynamic, irú máìkì kejì, bíi SM58 tí mo wá rà lẹ́yìn náà, ò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká bí òrùka ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn awọ tiẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òòfà, tó sì ń fúnra rẹ̀ mú iná díẹ̀ jáde. Wáyà yẹn ní ìwọ̀n tiẹ̀, kò lè sáré tẹ̀lé àwọn ìró tó ga fíofío. Láti Hz 50 dé 15,000 (Hz ni ìwọ̀n bí ìró ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó) ni SM58 ń gbọ́, nígbà tí condenser sábà máa ń dé 20,000.

Ẹ̀rín máa ń pa mí tí wọ́n bá ní orí ìtàgé nìkan ni SM58 wà fún. SM tó wà nínú orúkọ rẹ̀, Studio Microphone ló dúró fún. Ọdún 1966 ló jáde, ọdún kan lẹ́yìn SM57 ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn olórin ló gbé e lọ sórí ìtàgé.

Wọ́n tún máa ń sọ pé dynamic kì í gbọ́ ariwo yàrá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dán an wò. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu mi, mo kọ orin kan náà sí wọn, mo wá mú kí ohùn mi dọ́gba nínú méjèèjì. Fíríìjì ọ̀hún kò lọ síbì kankan! Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé SM58 jẹ́ kí n lè sún mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù irin orí rẹ̀ ní fóòmù nínú, tó ń bu atẹ́gùn tí "b" àti "f" ń tì jáde kù ("p" Gẹ̀ẹ́sì ló burú jù, tiwa kì í fẹ́ atẹ́gùn tó bẹ́ẹ̀). Mo lè kọrin ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i láìbẹ̀rù. Bí ẹ bá dín àlàfo tó wà láàárín ẹnu yín àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn yín á fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ìró ṣe le tó) 6 lékè, ariwo yàrá ò sì ní kúrò níbi tó wà. Láti 20 sí 5, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 nìyẹn. Gbogbo fóòmù tí mo rà lẹ̀ mọ́ ògiri ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú condenser mi, gbogbo "b" wá ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbá mọ́ èèyàn lójú.

Àmọ́ ẹni bá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wú. Ohùn tèmi ti wúwo tẹ́lẹ̀, ìgbà tí mo kọ́kọ́ tẹ́tí sí i, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù. Mo máa ń gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ Hz 100 kúrò, ó ti tán.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ohùn tó ń gbé wá kéré. Ohùn tó le tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 94 ò lè mú kó gbé iná mílífóòtì 2 jáde. Interface tí mo kọ́kọ́ ní, àfìgbà tí mo bá yí gain rẹ̀ (ohun tó ń gbé ohùn máìkì sókè) dé òpin kí n tó rí nǹkan gbọ́, á wá máa hó "ṣṣṣ" lábẹ́ orin. Bí mo bá ń pariwo kọrin, kò hàn. Orin tí mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ló bà jẹ́ pátápátá, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bi mi kọ́. Ẹ wo iye gain tí interface yín ní kí ẹ tó ra dynamic èyíkéyìí. SM7B, dynamic mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ pọ́díkáàsì fẹ́ràn, tilẹ̀ le jù báyìí lọ: Shure fúnra wọn ní kí gain má dín ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 60.

Cardioid ni SM58, iwájú ló ń gbọ́, etí ẹ̀yìn rẹ̀ di. Mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìhà tí fíríìjì wà. Àṣìṣe tí mo wá ń ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù ni pé ẹ̀yìn máìkì ni mo ń ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí, níbi tí kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yìn tèmi ló yẹ kó wà! Ìró tó kọ lu ògiri ẹ̀yìn mi ló ń padà wá wọlé tààrà síwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣí wọ́dúróòbù sílẹ̀, tí mo kọ ẹ̀yìn sí aṣọ tó kún inú rẹ̀, ọjọ́ náà ni ìró balùwẹ̀ yẹn fi mí sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á: èyí tó ní "S" lẹ́yìn orúkọ ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á, ẹ ò nílò rẹ̀ nílé. Èyí tó ní "LC" kì í ní wáyà nínú páálí. Ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ bíi rẹ́rẹ. Gíráàmù 298 ni ojúlówó wọ̀n. Bó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ní kí n bá òun wá máìkì, n ò jẹ́ kó ra SM58. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló máa ń kọrin, a sì máa fẹ́ kí èémí òun náà hàn nínú orin. Yàrá rẹ̀ dákẹ́, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, kọ́tìnnì rẹ̀ nípọn. Condenser kan, Rode NT1, ni mo ní kó rà. Ariwo ti máìkì náà fúnra rẹ̀ ò ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 4 lọ, ẹ ò lè gbọ́ ọ. Mo jowú nígbà tí mo gbọ́ ohun tó fi gbà sílẹ̀.

Condenser tèmi ṣì wà nílé. Mo máa ń yọ iná fíríìjì kí n tó lò ó lóru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbàgbé láti dá iná náà padà.