Ìlọrin ni àbí Ìbàdàn? Bí mo ṣe wọ bàálù lọ sí Àbújá láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi tó ń gbé Àbújá ló ní kí n lọ wọ bàálù ní Ìbàdàn. "Màámi, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ kúkú ni pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. Ṣebí orúkọ Akíntọ́lá ni wọ́n fi sọ ọ́." Ẹ̀rín pa mí. Òótọ́ ni, ọmọ ìlú wa ni Ládòkè Akíntọ́lá, ṣùgbọ́n orúkọ kì í gbé èèyàn dé Alákíà tí pápákọ̀ Ìbàdàn wà.

Ó bá wo fóònù rẹ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin dé ti Àbújá, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, nǹkan bíi kìlómítà 310 ni. Láti Ìbàdàn, ó lé díẹ̀ ní 400. Bàálù ńlá lè sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè, àlékún yẹn ò sì ju bí ìṣẹ́jú méje lọ. Ó ní, "Ẹ ò rí i, ọ̀kan náà ni!"

Ọ̀kan náà ni lókè. Nílẹ̀ ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, bíi kìlómítà 55. Sí Ìbàdàn, ó tó 100, ẹ ó la Ọ̀yọ́ kọjá, ẹ ó dé Òjóò, ẹ ó tún bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Róòdù wọ̀jà kó tó kan Alákíà. Pápákọ̀ ti Ìlọrin, apá ọ̀dọ̀ wa ló wà. Tí ẹ bá ti rí Ẹyẹńkọrin, kò kù púpọ̀ mọ́, ẹ ò sì ní wọ àárín ìgboro rárá.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni mo kúrò ní Tákíè, mo dé pápákọ̀ ní agogo mẹ́jọ. Aago mẹ́wàá ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ n má parọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti bà mí nínú jẹ́. A jókòó títí ó fi kọjá agogo méjìlá, kò sí ẹni tó wá bẹ̀ wá. Ohùn kan ṣáà ń ké látinú ẹ̀rọ pé ká fara balẹ̀. Àlàájà ẹ̀gbẹ́ mi ti jẹ àádùn tó fẹ́ gbé fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tán.

Nígbà tá a gbéra, mo wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú 48 láti ìgbà tí táyà fi ilẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi tún kàn án. Tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí wọ́n máa ń ka rírìn tó ń rìn nílẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí odò Ọya nísàlẹ̀, ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí aṣọ tí wọ́n sá. Pápákọ̀ Àbújá náà jìnnà sígboro, agogo mẹ́ta ti lù kí n tó dé ilé ọmọ mi. Wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀, nítorí ìṣẹ́jú 48!

Síbẹ̀, Ìlọrin ni màá tún gbà. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún pápákọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ bàálù yẹn, méjì péré, awakọ̀ tó gbé wa balẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun ló sì ni méjèèjì.