Àyẹ̀wò Sustainable Cities Index: Ta Ló Mú Ọ̀pá Ìwọ̀n Lọ́wọ́?

Láti ọdún 2015 ni Arcadis, iléeṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Amsterdam, ti ń gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n pè ní Sustainable Cities Index, nínú èyí tí wọ́n ti ń to àwọn ìlú ńlá sí ipò gẹ́gẹ́ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe lè tọ́jọ́ tó láìba ayé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la jẹ́. Ìlú 100 ni ẹ̀dà ọdún 2024 gbé yẹ̀ wò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó ya ìgbé ayé àwọn ènìyàn, ipò àyíká àti ọrọ̀ ajé sọ́tọ̀, débi tí ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìhà kọ̀ọ̀kan yóò jèrè ju ẹni tó kàn wo orúkọ tó wà lókè lọ. Ní ọdún 2018, Edinburgh ló ṣíwájú ní ti ènìyàn, Stockholm ní ti àyíká, Singapore ní ti ọrọ̀ ajé. Síbẹ̀ London, tí kò ṣe ipò kìíní nínú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni wọ́n dé ládé nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí irọ́ nínú ìṣirò náà, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ti bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀.

Zurich ló gba ipò kìíní ní 2016, Oslo ní 2022, Amsterdam ní 2024. Ìlú kì í yí padà kíákíá báyìí. Ọ̀pá ìwọ̀n ló ń yí, nítorí ní 2024 wọ́n fi ìhà kẹrin kún un, èyí tó ń wo ìtẹ̀síwájú. N kò fi ẹ̀sùn ojúsàájú kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Àléébù tó wúwo jù lójú tèmi, tí kò sì mọ sí ti Arcadis nìkan, ni ọ̀rọ̀ ààlà. Èéfín amáyé-gbóná tó jáde láàrin ìlú ni irú òṣùwọ̀n báyìí sábà máa ń kà, kì í ṣe èyí tó jáde níbòmíràn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọjà tí ará ìlú náà ń rà. Ìwádìí tí C40, àjọ àwọn ìlú ńlá lágbàáyé tó ń gbógun ti ìyípadà ojú ọjọ́, gbé jáde ní 2018 lórí ìlú 79 fi hàn pé bí a bá ka ti ọjà náà mọ́ ọn, èéfín wọn yóò fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Oslo mọ́ tónítóní lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé Norway, tí Oslo jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ń ta epo rọ̀bì tí wọ́n ń jó níbòmíràn?

Ní ti Èkó, ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé orí èéfín. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 9, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17. Omi tàbí ilé ìwòsàn tí a bá pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì, bí iye tí a gbà gbọ́ bá ṣe rí.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ISO 37120, ìlànà ìwọ̀n fún ìlú tí ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà lágbàáyé, gbé jáde ní 2014, ju ti Arcadis lọ fún ìlú bíi tiwa. Owó ni a fi ń ra ìwé rẹ̀, kò sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n kì í to ìlú sí ipò. Ó ń sọ bí a ṣe níláti wọn nǹkan kan náà lọ́nà kan náà lọ́dọọdún, kí ìlú lè fi òní ara rẹ̀ wé àná. Oníròyìn tó ń wá àkọlé lè mú ti Arcadis. Ọ́fíìsì tó ń ṣètò omi àti ìdọ̀tí, ISO ni kí ó rà.