Sẹ́ńtà abúlé àbí ọsibítù ńlá?

Lọ́dọ̀ àwa Ìjùmú àti Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè aboyún kò ju èyí lọ: ṣé sẹ́ńtà ìlera abúlé tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wà ni, àbí kí n gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ńlá ní Kàbà tàbí Ẹ̀gbẹ̀?

Fún àyẹ̀wò oyún, sẹ́ńtà ni tèmi. Agbẹ̀bí á kí yín ní “Ọ̀kun o”, ó tiẹ̀ mọ ìyá ọkọ yín. Á gbé ìwo onígi lé ikùn, á fi etí tì í, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, á máa ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó tún ráyè bi yín bóyá ẹ ń rí oorun sùn. Ní ọsibítù ńlá, èrò ti pọ̀ jù fún irú ìyẹn.

Àmọ́ iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ gbígbà sára, ọsibítù ńlá ló ni wọ́n. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá dé 140/90, tàbí tí orí ń fọ́, tàbí tí ojú ń ṣe bàìbàì, tàbí tó jẹ́ abẹ ni ẹ fi bí àkọ́bí, ẹ má bá agbẹ̀bí jà tó bá kọ lẹ́tà ọsibítù ńlá lé yín lọ́wọ́. Èmi forúkọ sílẹ̀ níbi méjèèjì. Owó káàdì kejì yẹn, ẹ tètè bá baálé yín sọ ọ́.