Come On Pilgrim Nìkan, Tàbí Kí Ẹ Rà Á Mọ́ Surfer Rosa?

Ẹni tó bá fẹ́ ra Come On Pilgrim, àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olórin Pixies ti ìlú Boston gbé jáde, yóò kọ́kọ́ bá àríyànjiyàn pàdé lẹ́nu àwọn tó ti rà á ṣáájú: ṣé orin mẹ́jọ, tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ, tó ohun tí ènìyàn ń yọ owó fún? Àwọn kan ní kò tó, pé CD alápapọ̀ tó so ó mọ́ Surfer Rosa, àwo Pixies tó tẹ̀lé e, ló pé owó. Àwọn mìíràn ní kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ ra Surfer Rosa nìkan, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn orin tó lókìkí wà. Àwọn kẹta kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká wọn lára. Àwo kúkúrú yẹn gan-an ni wọ́n ní kí ẹ wá, kí ẹ sì rà á lóun nìkan. CD alápapọ̀ wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni àwo ńlá tí à ń gbé abẹ́rẹ́ lé, mo sì ti gbọ́ méjèèjì tó láti sọ èyí tó yẹ ta ni.

Ibi tí àwo náà ti wá ṣe pàtàkì, nítorí ó ń dá ẹjọ́ àwọn tó ń sọ pé ó dà bí iṣẹ́ tí a kò parí. Ní oṣù kẹta ọdún 1987, Pixies wọ sítúdíò Fort Apache ní Boston pẹ̀lú Gary Smith tó darí ìgbàsílẹ̀ náà, wọ́n sì gba orin 17 sílẹ̀. Bàbá Black Francis, akọrin wọn, ló yá wọn ní $1,000 tí wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àwo títà nígbà náà. Àpẹẹrẹ iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ láti fi han àwọn ilé-iṣẹ́ àwo. Ivo Watts-Russell, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ 4AD ní London, ṣa mẹ́jọ nínú 17 náà, ó sì gbé e jáde ní ọdún kan náà láì jẹ́ kí wọ́n tún un gbà. Òótọ́ ni nígbà náà pé àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣa orin wọ̀nyí ní etí: kò sí èyí tí mo lè yọ nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí àwo náà má rọ. Nígbà tí mẹ́sàn-án tó kù jáde ní ọdún 2002, ó túbọ̀ hàn pé àṣàyàn yẹn dára.

Surfer Rosa ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Steve Albini ló gbà á sílẹ̀ ní Boston ní oṣù kejìlá ọdún 1987. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gba ìpín kankan lórí títà. Oṣù kẹta ọdún 1988 ni ó jáde, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Ìlù David Lovering tóbi nínú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí yàrá náà ṣe fẹ̀ tó nígbà tí igi bá kan awọ. Àwọn olùgbọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ń tìtorí ìlù yẹn fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ pé ó le mọ́ etí jù. Lójú tèmi, ohùn Black Francis àti gìtá Joey Santiago súnmọ́ ni ju lọ lórí Come On Pilgrim, nítorí kò sí ìlù ńlá tó ń bá wọn du àyè. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán èyí wò fúnra yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀: orin "Vamos" wà lórí àwo méjèèjì. Ẹ gbọ́ ti 1987, kí ẹ gbọ́ ti 1988 tẹ̀lé e. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tún gbọ́ ni kí ẹ tọ̀ lọ.

Ẹni tó jẹ́ pé orin "Where Is My Mind?" ló fa òun wá, tí ó gbọ́ ọ nínú fíìmù kan ní ọdún 1999 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí ó mọ̀ pé orí Surfer Rosa ni orin náà wà. "Gigantic", tí Kim Deal, tó ń ta gìtá báàsì wọn, fi ohùn rẹ̀ kọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè Spéènì tí Black Francis kó bọ̀ láti Puerto Rico, níbi tó ti lọ kàwé, yóò bá a lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n "Isla de Encanta" tó wà lórí àwo kúkúrú ló gbóná jù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ ni ipò tí àwo náà wà bí ẹ bá ń ra àlòkù, nítorí ibẹ̀ ni owó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Orin Pixies kì í pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn a rọlẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó jẹ́ ohùn kan àti gìtá kan, wọn a sì bú jáde lójijì. Lórí àwo ẹgbẹ́ tó ń pariwo ṣáá, ìdọ̀tí inú ojú ilà lè fara pamọ́. Lórí èyí kò lè fara pamọ́ rárá. "Caribou" ló ṣí àwo náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Oníṣòwò kan tí mo ra tèmi àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun, ó sì ya páálí rẹ̀ ní àwòrán dáadáa, kò ya ojú àwo fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, ó ń ta bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná láti ìbẹ̀rẹ̀ "Caribou", etí àwo sì ti gbé sókè tó bẹ́ẹ̀ tí apá abẹ́rẹ́ fi ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìyípo. Ó ní ariwo náà ti wà bẹ́ẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, kò dá owó padà, owó ìfiránṣẹ́ sì wọlé sí i.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra àlòkù àwo yìí lórí àwòrán páálí. Ẹ ní kí ó gbé àwo náà sábẹ́ iná kan ṣoṣo, kí ó dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì ya ojú méjèèjì, nítorí iná tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni yóò fi ìhà tí abẹ́rẹ́ ti họ hàn yín. Ẹ ní kí ó gbé e lé orí ẹ̀rọ, kí ó fi fóònù ká ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ "Caribou" ránṣẹ́, kí etí àwo tó ń yí sì hàn nínú fídíò náà. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fín sí àárín àwo, níbi tí kò sí orin, kí ẹ lè mọ̀ pé àwo tí ẹ ń wá gan-an ni. MAD 709 ni nọ́ńbà ti 4AD fún àwo kúkúrú náà, CAD 803 sì ni ti Surfer Rosa. Ẹni tí àwo rẹ̀ dára kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tó bá ní kò sí àyè, ẹ kọjá lọ.

Ohun tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwòrán páálí Come On Pilgrim, ti ọkùnrin tí irun bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí Simon Larbalestier yà, yẹ ní wíwò ní títóbi. Ti Surfer Rosa gbé oníjó tí ọmú rẹ̀ wà ní ìta, kí ẹni tí ọmọ wà nílé rẹ̀ mọ ibi tí yóò fi í sí. Àpótí tó kó àwo méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ṣe ní 2018 fún ọgbọ̀n ọdún wọn, dára fún ẹni tó ti ní ìfẹ́ sí wọn tẹ́lẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

CD alápapọ̀ ni owó rẹ̀ rọjú jù, kò sì ní ta létí, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ṣe dáadáa bó bá rà á. Àléébù rẹ̀ ni pé Surfer Rosa ni wọ́n tò ṣáájú. Ìṣẹ́jú 33 ti kọjá kí "Caribou" tó wọlé, etí ti rẹ̀, orin tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn sì ti di àfikún ẹ̀yìn. Mo gbà pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní CD nìkan fi ń pe àwo kúkúrú náà ní àṣẹ́kù. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń lu àwo, ẹ ra Come On Pilgrim lóun nìkan, èyí tí 4AD tún tẹ̀ tuntun, kì í ṣe àlòkù, kí ẹ gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ra Surfer Rosa.