Core i5-2500K tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta

Ọdún kẹta rèé tí Core i5-2500K, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan, ti wà lórí tábìlì mi n'Ìbàdàn. Àlòkù ni mo rà á, tòun ti bọ́ọ̀dù rẹ̀, torí iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó tí mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín, torí ó tọ́ sí i. Ọdún 2011 ni Intel gbé e jáde, 3.3 GHz ni ìyára tí wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n lẹ́tà K tó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ló ń sọ fún yín pé wọn ò ti ìyára rẹ̀ pa. Ẹni tó ni ín lè wọ BIOS, ojú ètò tí kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ lò kí Windows tó wọlé, kó yí nọ́ńbà kan, kó sì máa sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé tèmi dé 4.5 GHz ní 1.30 fóltì, mo ra irin afaooru ńlá kan tó ní fáànù méjì sí i, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àtààbọ̀ láìdákú lẹ́ẹ̀kan. Fídíò wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 50 ló fi ń yọ ọ́ jáde tán. Ká ní mo fi mọ síbẹ̀ ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún un.

Mo ní àfi kó dé 4.8 GHz. Ní 1.30 fóltì, Windows ò tíì wọlé tán tí gbogbo ojú rẹ̀ fi di búlúù. Mo gbé e sí 1.35, ó wọlé, ó kú láàárín iṣẹ́. Mo gbé e sí 1.40, ogún ìṣẹ́jú ni. Ìgbà tí mo tẹ 1.45 ló tó ń ṣiṣẹ́ láìkú. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ẹ wá bá mi ṣírò ohun tí mo rà àti iye tí mo san. Láti 4.5 sí 4.8, ìyára ò lé ju 7 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n ooru kì í bá ìyára nìkan rìn. Ẹ ó fi fóltéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ná kí ẹ tó tún fi ìyára sọ ọ́ di púpọ̀, ìdí nìyẹn tí fóltéèjì díẹ̀ fi ń di ooru púpọ̀. Nínú ìṣirò tèmi, ooru fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú 50 wá di 47. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré! Lọ́sàn-án oṣù kẹta, nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ohun tí kì í kọjá 72 lórí òṣùwọ̀n Celsius tẹ́lẹ̀ ń gun 91.

Ooru tí mo ń fojú rí yẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Wáyà bàbà tó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì. Bí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá tagbáratagbára, á máa wọ́ bàbà náà lọ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀gbàrá ṣe ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì. J. R. Black ti Motorola ti gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1969: bí iná bá ṣe pọ̀ tó, tí ibẹ̀ sì gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí wáyà ṣe ń kúrú. Mo tún dá kún un fúnra mi. Ẹnì kan ní kí n gbé Load-Line Calibration, ètò inú BIOS tí kì í jẹ́ kí fóltéèjì já wálẹ̀ nígbà iṣẹ́ ńlá, sí ìpele tó ga jù lọ, mo sì gbà. Mi ò mọ̀ pé bí iṣẹ́ ńlá bá dáwọ́ dúró lójijì, fóltéèjì á ta kọjá iye tí mo tẹ̀, á sì padà kí èyíkéyìí nínú ohun tí mo fi ń ṣọ́ ọ tó rí i.

Oṣù kẹrin ló dé. Mo yọ fídíò ìgbéyàwó kan, kọ̀ǹpútà ní ó ti parí, kò sí àṣìṣe. Mo fi ránṣẹ́. Ìyá ìyàwó ló pè mí: ibi tí ọmọ òun ti ń jó wọlé, àwọ̀ ewé bo ojú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn. Mo wò ó títí. Ìṣirò kan ló ti ṣì nínú ọpọlọ náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo yára dá a padà sí 4.5 ní 1.30, ibi tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀. Kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìkú mọ́. Àfi kí n gbé fóltì dé 1.36. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́ tán, kò sì sí àtúnṣe.

Kì í ṣe àwa tó ń tú BIOS nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí o. Lọ́dún 2024, Intel fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tó ga jù wà lára ohun tó ń ba àwọn Core kan jẹ́ ní ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráǹtì wọn. Tiwa tó jẹ́ àlòkù, ta ló fẹ́ fi wáráǹtì fún wa?

Ní báyìí, 4.2 ló wà, fóltéèjì rẹ̀ ò kọjá 1.30, fídíò kan ń gba bí ìṣẹ́jú 54. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ lálòkù, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé fóltì mélòó ló fi ń lò ó, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ńlá mọ́jú kí ẹ tó san owó, torí ìbàjẹ́ inú tèmi yìí, kò hàn lójú rárá. Òde ara rẹ̀ ń dán bíi tuntun.